Bí a ṣe ń lo “majestic” àti “majesty” kí ìwé wa tó dé ààfin

Ìwé ni mò ń tẹ̀ fún àwọn ènìyàn ní Ìkòròdú, lẹ́bàá Sábọ̀: ìwé ìpè, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìkíni fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè, báńnà tí wọ́n máa gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn oníbàárà ń wá láti Ẹ̀pẹ́, àwọn kan ń wá láti Àgbádárìgì pàápàá. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó máa ń bá wọn wọlé ṣáá, agbára káká sì ni mo fi ń rí ẹni tó lò ó bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ náà ni “majestic”, òun àti “majesty” tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá.

Ẹnìkan á kọ “our majestic mummy” sí abẹ́ àwòrán ìyá rẹ̀ tó papò dà. Ẹlòmíì á kọ “majestic jollof rice” sínú ìwé tó fi ń polówó oúnjẹ. Ẹlòmíì á kọ lẹ́tà sí ọba, á sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú “Your Majestic”. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí oníbàárà ṣe kọ ọ́ wá ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, igba (200) ìwé ìpè. Akọ̀wé ààfin kan ló rí i, ó ránṣẹ́ pe oníbàárà mi, ó sì fi ìka tọ́ ọ sí i níwájú àwọn ìjòyè. A tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀, n kò sì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé baba yẹn ò mọ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Ó gbẹ́kẹ̀ lé mi ni.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, àti fún ẹni tó máa gbé e sórí gbohùngbohùn kà.

Ohun tí ẹ máa ní lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Bébà àti bírò. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé ohun tó bá ti wà lójú kọ̀ǹpútà máa ń dà bí ohun tó ti parí.
- Ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Èyí tó wà lórí fóònù náà tó, bó bá lè pe ọ̀rọ̀ síta kí ẹ gbọ́.
- Oyè àti orúkọ ọba gẹ́gẹ́ bí ààfin ṣe ń kọ ọ́, bó bá jẹ́ pé ọba wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọwọ́ akọ̀wé ààfin ni ẹ ti máa gbà á. Ẹ má gbà á lẹ́nu ará àdúgbò.
- Ẹnìkan tó máa jókòó kà á sókè fún yín.
- Ọjọ́ méjì, ó kéré tán, ṣáájú ọjọ́ tí ìwé máa lọ sórí ẹ̀rọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn ní Yorùbá

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà jù, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má fò ó. Ohun méjì ló gbọ́dọ̀ pàdé kí òyìnbó tó pe nǹkan ní “majestic”: nǹkan náà tóbi, ó sì níyì. Títóbi yẹn lè jẹ́ gíga, ó lè jẹ́ fífẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìrìn tàbí ohùn tó wúwo. Iyì rẹ̀ ni ohun tó ń mú kí ènìyàn dákẹ́ fúnra rẹ̀ bó bá dé iwájú nǹkan náà, láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kó dákẹ́. Bí ọ̀kan bá wà tí èkejì ò sí, ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àwọn àgbà wa ti bá wa wọn èyí tipẹ́: àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí; bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ohunkóhun tí ẹ bá lè sọ nípa rẹ̀ pé ẹ rí i fìrí, kì í ṣe “majestic”.

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí ojú wa ń rí wò ó. Bí ẹ bá dúró sí Èbúté Ìkòròdú láàárọ̀ kùtù, kí ọkọ̀ ojú omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ẹ máa rí ọ̀sà tó lọ salalu títí ojú ò fi tó òpin rẹ̀ mọ́. Omi yẹn tóbi, ó sì níyì. “The majestic lagoon” kò ṣì. Erin jẹ́ “majestic”, ewúrẹ́ kò jẹ́ ẹ láéláé, bó ti wù kó sanra tó. Igi àràbà tó ga ju gbogbo igi yòókù lọ jẹ́ ẹ. Igi Agia tó wà ní Àgbádárìgì, èyí tí wọ́n wàásù ìhìn rere lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, tó sì wó lulẹ̀ ní 1959, ẹni tó bá ń kọ̀wé nípa rẹ̀ lè pè é bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù.

Àmọ́ ní ìlú kan náà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ní 1845 kò gba ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ lọ wò ó: ilé tó mọ níwọ̀n ni, igi ni òkè rẹ̀. Ìtàn ló sọ ọ́ di ńlá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni “historic”, ó sì tó o ní ẹ̀yẹ.

Ibi kan wà tó máa ń ká mi lára jù. Ẹnìkan gbé ìwé ìrìnàjò afẹ́ wá fún mi, ó kọ “the majestic Point of No Return” sínú rẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú kọjá ní erékùṣù Gberefu sínú ọkọ̀ òkun. Lóòótọ́, ènìyàn máa ń dákẹ́ bó bá dé ibẹ̀. Àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀dùn ọkàn ni, kì í ṣe ti iyì. Kò sí ọlá kankan nínú ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ènìyàn wa níbẹ̀. “Solemn” ni ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Mo bá oníbàárà yẹn sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó gbà, a sì yí i padà. Bí ẹ bá máa rántí ohun kan ṣoṣo nínú ìgbésẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: Àwọn ènìyàn rò pé ohun tó bá lẹ́wà tàbí tó wọ́nwó ni “majestic”. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyàwó ojú ọ̀nà lẹ́wà. Bó bá múra bí olorì, “regal” wà fún un. Kéèkì alájà márùn-ún lè jẹ́ “magnificent”. Ìrẹsì dùn, ó parí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tọ̀nà? Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì: “Ṣé ó tóbi?” “Ṣé ó níyì?” Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀. Bí ẹ bá ní láti ronú pẹ́ kí ẹ tó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan nínú wọn, ẹ fò lọ sí ìgbésẹ̀ 5.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú ọmọ tó yẹ nínú ìdílé náà

Ọmọ mẹ́ta ló wúlò. “Majesty” jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ: “the majesty of the lagoon”. “Majestic” jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe: “the majestic lagoon”. “Majestically” jẹ́ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, ìṣe ló ń pọ́n lé: “the canoe moved majestically across the lagoon”. Látinú èdè Látìn ni gbogbo wọn ti wá, wọ́n sì bá “major” tan. Ìtumọ̀ ìpìlẹ̀ wọn ni ohun tó tóbi ju tiwa lọ.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni “my father was a majestic”. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe kì í dá dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn “a”. Ẹ fi orúkọ tì í lẹ́yìn, “a majestic man”, tàbí kí ẹ yọ “a” kúrò.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni “he looks majestically”. Lẹ́yìn “looks”, “is” àti “seems”, ẹni náà ni à ń júwe, kì í ṣe ohun tó ń ṣe. Nítorí náà “he looks majestic” ló tọ̀nà. Bó bá jẹ́ pé ó ń rìn, ó ń gòkè, tàbí ọkọ̀ ń lọ lójú omi, nígbà náà ni “majestically” dé.

Àní, ẹ ṣọ́ ìṣe tí ẹ fẹ́ so “majestically” mọ́. Ohun tó ní iyì yìí kì í kánjú. Ní Ẹ̀pẹ́, bí wọ́n bá kó àwọn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ jáde, tí wọ́n ń tò lọ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, “the boats sailed majestically” bá a mu gan-an. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àjẹ̀ sáré ìje, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹ kọ “swiftly”. Zàngbétò, eégún tó ń yí bírí ní Àgbádárìgì, kì í yí “majestically” rárá. Ìyàlẹ́nu ni ìyẹn jẹ́, “spectacular” ni wọ́n ń pè é.

Wọn kì í kọ “majesticly”. Wọn kì í kọ “more majestical”. “More majestic” ni.

Ìdánwò kékeré kan wà tí mo ń fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú gbólóhùn yín. Bí “big” bá lè jókòó síbẹ̀, “majestic” lẹ fẹ́. Bó bá jẹ́ “greatness” ló lè jókòó síbẹ̀, “majesty” ni. Bó bá jẹ́ “slowly”, “majestically” ni. Bí ìkankan ò bá wọlé, gbólóhùn yẹn gan-an ló wọ́, ẹ tún un kọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ pè é kó dún

Olóòtú ètò ni èyí kàn jù. Etí wa tó mọ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí pé ibi tí òyìnbó ti ń tẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ máa ń dún bí ohùn òkè létí wa. “Majesty” máa ń tẹ̀ síwájú: má-jẹ̀s-tì. “Majestic” máa ń tẹ̀ sí àárín: mà-jẹ́s-tìk. Ẹni tó bá pe méjèèjì bákan náà, ọ̀kan nínú wọn á wọ́. “Majestically” jẹ́ sílébù mẹ́rin lẹ́nu, bó tilẹ̀ gùn lórí ìwé: mà-jẹ́s-tìk-lì.

Ẹ fi ìka lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan níbi tí ohùn ti gòkè. Bí ìlù bá bọ́ sí ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ẹ lè dìde lọ sórí pẹpẹ.

Ìgbésẹ̀ 4: Bó bá jẹ́ pé ọba ni

Ìgbésẹ̀ tí mo fi owó ara mi kọ́ nìyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n lọ díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ bá ń bá ọba sọ̀rọ̀ lójú kojú tàbí nínú lẹ́tà, “Your Majesty” ni. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún ẹlòmíì, “His Majesty” ni. Bí ọba bá ju ẹyọ kan lọ, “Their Majesties” ni. Lẹ́tà ńlá ló ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì níbi gbogbo. “Majestic” kò bá ọba sọ̀rọ̀ rí. Ó lè júwe ìrìn rẹ̀, ó lè júwe ààfin rẹ̀, kò lè jẹ́ oyè rẹ̀.

Ìṣòro kejì wá láti inú ìwà rere tiwa. Èdè wa ń fi “ẹ” àti “wọ́n” bọ̀wọ̀ fún ẹni ńlá, bíi pé wọ́n pọ̀. “Kábíyèsí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́.” “Ọba ti dé, wọ́n ti jókòó.” Nígbà tí a bá wá gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì, a máa ń kọ “Your Majesty are welcome”. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú èdè wọn, inú ọ̀rọ̀ “Majesty” fúnra rẹ̀ ni ọ̀wọ̀ wà, ọ̀rọ̀ ìṣe sì máa ń dúró bíi ti ẹnìkan: “Your Majesty is welcome to Epe.” “His Majesty has arrived.” Ó máa ń ṣòro fún àwọn àgbà láti gbà, ọ̀pọ̀ wọn ló ti bi mí pé ṣé kì í ṣe àrífín ni. Kì í ṣe àrífín. Ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àwọn lẹ́tà tó máa ń ṣáájú orúkọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, “Majesty” nìkan ni wọ́n ń lò fún ẹni tó wà lórí ìtẹ́. Ọba obìnrin Elizabeth Kejì jẹ́ “Her Majesty” títí ó fi wàjà ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Láti ọjọ́ yẹn, “His Majesty” ni wọ́n ń pe Ọba Charles Kẹta. “Royal Highness” wà fún àwọn ọmọ ọba. Ní Nàìjíríà, a ti fi “Royal” kún un fún àwọn ọba wa, ó sì ti di àṣà wa: “His Royal Majesty”, tí wọ́n ń gé kúrú sí HRM. Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń wá sọ fún mi pé kí n yọ “Royal” kúrò nítorí pé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í lò ó. N kì í yọ ọ́. Bí ààfin bá ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀ ni à ń bá a kọ ọ́. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ fi HRM àti HRH (“His Royal Highness”) sórí ẹnìkan ṣoṣo, tàbí kí ẹ kọ HRM tán kí ẹ tún kọ “His Royal Majesty” tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kẹrin, oyè ìlú kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní Ìkòròdú, Ayangburen ni. Ní Ẹ̀pẹ́, Ọlọ́jà wà, Olú Ẹ̀pẹ́ náà wà. Ẹ má gbé oyè ọ̀kan kọ́ èkejì lọ́rùn, ọ̀rọ̀ tó lè dá ìjà sílẹ̀ ni. Ní Àgbádárìgì, Akran ni. Àwọn Ògù ń pe ọba wọn ní Aholu, ẹ sì máa rí i nínú orúkọ oyè Akran tó gorí ìtẹ́ ní 1977: De Wheno Aholu Menu-Toyi I. Ẹni tí kò bá mọ̀ á fẹ́ tò ó bíi orúkọ Yorùbá, á fi àmì ohùn sí i, á gé e sí méjì. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe gbà á lọ́wọ́ ààfin.

Kábíyèsí ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìtumọ̀ rẹ̀ kì í ṣe “majesty” ní tààrà. “Majesty” ń sọ pé ẹni yìí tóbi. Kábíyèsí ń sọ pé kò sí ẹni tó lè bi í léèrè. Nínú gbólóhùn kan, ẹ mú ọ̀kan. “Your Majesty Kabiyesi” dà bí ẹni tó wọ fìlà méjì lé ara wọn.

Àyẹ̀wò: Ẹ fi ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí “Majesty” ti wà. Ṣé “Your”, “His” tàbí “Their” ló wà níwájú rẹ̀? Ṣé “is” tàbí “has” ló tẹ̀ lé e, bó bá jẹ́ ẹnìkan? Ṣé oyè ìlú náà bá ohun tí akọ̀wé ààfin kọ fún yín mu, lẹ́tà sí lẹ́tà? Bí ọ̀kan bá kù, ẹ má kọjá síbòmíì.

Ìgbésẹ̀ 5: Bí kì í bá ṣe “majestic”, kí ni?

Obìnrin kan tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ gbé ọ̀rọ̀ nípa baba rẹ̀ olóògbé wá fún mi. Ó kọ “majestic” ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Mo ní kó sọ irú ẹni tí baba náà jẹ́ fún mi ní Yorùbá. Ó ní ènìyàn kúkúrú ni, kì í pariwo, aṣọ rẹ̀ kì í dọ̀tí, bí ìjà bá ń lọ nínú agbo ilé tó sì jáde síta, gbogbo ènìyàn á panu mọ́. Mo jókòó, mo wò ó. Baba yẹn níyì, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn, àmọ́ kì í ṣe títóbi ló fi níyì. “Dignified” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. A kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a sì fi ìtàn ìjà agbo ilé yẹn sí ibi tí márùn-ún yòókù wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kà á, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi gan-an nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ tó wà nítòsí pọ̀, àwọn wọ̀nyí ló sì máa ń wúlò jù:

“Stately” súnmọ́ “majestic” gan-an, àmọ́ ó rọlẹ̀ díẹ̀. Ìyá àgbà tó dúró ṣánṣán, tó ń yan fanda jáde láti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú gèlè rẹ̀, “a stately woman” ni. Ẹ ṣọ́ra fún un: ó parí sí “ly”, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni. “She walked stately” kò dáa. “She walked in a stately manner” ni kí ẹ kọ.

“August” ni èyí tí àwa ará Nàìjíríà fẹ́ràn jù. “Our august visitors.” Ènìyàn tàbí àpéjọ tó yẹ fún ọ̀wọ̀ ńlá ló ń júwe. Lẹ́tà kékeré ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú gbólóhùn, bí ẹ bá fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ ó ti di oṣù Kẹjọ nìyẹn, ẹ sì máa pe àwọn àlejò yín ní àlejò inú oṣù Kẹjọ. Ohùn rẹ̀ náà yàtọ̀: oṣù máa ń tẹ̀ síwájú, ọ́-gọ̀st, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ máa ń tẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀-gọ́st. Ilé kan náà ni méjèèjì ti wá, nítorí pé orúkọ ọba Róòmù tí wọ́n ń pè ní Augustus ni wọ́n fi sọ oṣù náà. Lójú tèmi, a ti lò ó débi tó ti gbó. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kò nílò “august”. “Distinguished guests” tó wọn, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ fẹ́ ju “dear guests” lọ.

“Royal” ni ohun tó jẹ́ ti ọba ní tòótọ́: “the royal family”. “Regal” ni ohun tó jọ ti ọba, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ti ọba. “Imposing” tóbi, ó sì lè ba ènìyàn lẹ́rù. Ilé ẹjọ́ lè jẹ́ ẹ, Zàngbétò tó dúró gàgàrà níwájú yín lóru lè jẹ́ ẹ. “Magnificent” ni ti ẹwà tó ń dán.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yan ọ̀rọ̀ kan, ẹ sọ ọ́ fún ẹnìkan tó mọ ẹni tàbí ohun tí ẹ ń kọ̀wé nípa rẹ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un ní Yorùbá. Bó bá mi orí, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ní “ẹn-ẹn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an,” ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí ẹ bá máa tú u padà sí Yorùbá lórí pẹpẹ

Olóòtú ètò ló ń rí ìyọnu yìí, nígbà tí ẹni pàtàkì bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, tí àwọn ìyá lọ́jà sì ń wo ẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń sáré mú “ọláńlá” fún gbogbo rẹ̀. “Ọláńlá” dára fún Ọlọ́run àti fún ọba, ibẹ̀ ni etí wa ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ wo “the majestic tree”. Ta ló ń sọ pé igi ọláńlá? Igi gàgàrà tó ga ju igbó lọ là ń sọ. Omi ńkọ́? Agbami tó lọ salalu. Ìrìn ọba ńkọ́? Ọba ń yan, ọba ń rọra gbẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yẹ. Bí ilé ni, ilé gogoro tó níyì.

Ẹ má ṣe gbé “ògo” síbẹ̀ pẹ̀lú, “glory” ló ni ìyẹn. Bí ẹ bá sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè kà á, ẹ fi àmì ohùn sí i, nítorí pé mo ti gbọ́ tí ẹnìkan ka “ọlá” bíi “ọ̀la” níwájú èrò, gbogbo ènìyàn sì ń wojú ara wọn.

Ẹ ó mọ̀ pé ìtumọ̀ yín ti wọlé bí ẹ bá sọ ọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, tó sì lè sọ fún yín bóyá igi ni, omi ni, tàbí ọba ni ẹ ń wí, láìtíì gbọ́ orúkọ nǹkan náà.

Ìgbésẹ̀ 7: Kí ìwé tó lọ sórí ẹ̀rọ

Ẹ ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà fara hàn. Lójú ewé kan, ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ mọ́. Oyè ọba kò sí nínú ìṣirò yìí, ìyẹn máa wà níbi tó bá yẹ kó wà.

Ẹ wo sípẹ́lì rẹ̀ létí báńnà pàápàá, torí pé lẹ́tà ńlá ńlá máa ń fi àṣìṣe pamọ́. Mo ti rí “magestic”, mo ti rí “majectic”, mo ti rí “His Magesty” tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lórí ọ̀nà Ìtòíkìn. J ni, kì í ṣe G. S ló ń tẹ̀ lé E, kì í ṣe C.

Ẹ ní kí ẹlòmíì kà á sókè, kí ẹ̀yin máa fetí sílẹ̀ láìwo bébà. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe.

Bí orúkọ ọba bá wà nínú rẹ̀, ẹ ya àwòrán ojú ewé náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ààfin lórí fóònù. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wo oyè, orúkọ àti “Your” tàbí “His” náà. Nígbà mìíràn, ó lè gba ọjọ́ kan kó tó dáhùn; ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fi ọjọ́ méjì sílẹ̀. Ẹ má tẹ ẹyọ kan títí ìdáhùn rẹ̀ fi dé.